Káàdì Tuntun Nínú Ẹ̀rọ Àgbà

Mosúnmọ́lá kò tíì kúnlẹ̀ tán níwájú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà náà tí orúnkún rẹ̀ ti òsì fi sọ ohun tó ti ń sọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, pé kó lọ jókòó sílé. Kò dá a lóhùn. Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tú ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, ó gbé ìdérí rẹ̀ lé orí ẹní, ó sì tan iná wẹ́wẹ́ tó wà létí awò ojú rẹ̀ sínú rẹ̀.

Eruku ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Ó ti fi òwú di àwọn wáyà pọ̀ létòlétò bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Fáànù tó wà lórí ọpọlọ ẹ̀rọ náà kì í ṣe èyí tó bá a wáyé. Ara ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n sì gbẹ́ igi pẹlẹbẹ méjì sí i lábẹ́ kó lè jókòó dáadáa. Láàárín gbogbo ohun àtijọ́ wọ̀nyí ni káàdì ayàwòrán tuntun náà wà, ó dúdú, ó ń dán, bí àlejò tó wọ agbádá wọ ilé tí òrùlé rẹ̀ kúrú.

"Ọdún mélòó ni ẹ̀rọ yìí ti pé, Bàbá?"

"Ọdún méjìlélógún," ni Fìjàbí, olùtọ́jú ẹ̀rọ, dáhùn. Ó jókòó sórí àga àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. "Ẹ má fi ọjọ́ orí bú u o. Èmi náà ti lé ní àádọ́rin, mo ṣì ń gun àjà."

"Èmi kò bú ẹnikẹ́ni."

"Òótọ́ ni. Àwọn tó rán yín ló máa ń bá wa parí ìyẹn."

Láti àyà Mosúnmọ́lá ni ohùn kẹta ti jáde, ohùn tó tutù, tí kò gba ọkùnrin, tí kò gba obìnrin. Ẹlẹ́rìí ni, ohun rìbìtì tí kò ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ, tí gbogbo oníwọ̀n, àwọn tó ń wọn ẹ̀rọ láti ìlú dé ìlú, gbọ́dọ̀ fi sáyà bí wọ́n bá jáde iṣẹ́. Ohun tó bá ti gbọ́, ó ti dé Ilé Òṣùwọ̀n ní olú-ìlú nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè kó o padà.

"Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Ìlú Ẹ̀bá-Ọ̀yán, ẹ̀rọ odò. Káàdì ọdún yìí, ara ẹ̀rọ tó kù, ọdún méjìlélógún. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀?"

"Bẹ̀rẹ̀."

"Kó tó bẹ̀rẹ̀," ni Fìjàbí wí, "bí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá tó àádọ́rin ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kí nǹkan tó wà láyà yín yẹn gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni."

Ó rẹ Mosúnmọ́lá. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí ní irú yàrá báyìí láìmọye ìgbà, ó sì ti mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ó wo inú ẹ̀rọ, ó sọ ọ́. Pé nọ́ńbà náà ni iye àkókò tí káàdì fi ń ṣiṣẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Pé bí káàdì bá ń dúró ju ìdá ọgbọ̀n lọ, iná tí gbogbo ilẹ̀ ń pín jẹ ló ń fi ṣòfò. Pé wọn yóò gbé káàdì náà padà sí ilé ìṣúra kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọn yóò sì fọ́ ẹ̀rọ tó gbà á. Pé ìlú tí kò bá ní ẹ̀rọ tó ń ya odò rẹ̀, tó ń fi hàn ṣáájú òjò ibi tí omi yóò dé, kò láṣẹ láti gbé etí odò mọ́. Pé ọkọ̀ yóò wá kó wọn láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, lọ sí àwọn ilé alájà lórí òkè.

"A kò sì lè rí ẹ̀rọ tuntun gbà," ni arúgbó náà wí.

"Orúkọ yín wà lórí ìwé. Ó ku ọdún méjìlá kó kàn yín."

"Ọdún méjìlá. Káàdì yìí gan-an, ìbò tí wọ́n ṣẹ́ láàárín àwọn ìlú ló gbé e wá bá wa. A jó lọ́jọ́ tó dé." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "A kò mọ̀ pé ẹjọ́ là ń jó sí."

Obìnrin kan ń fa aṣọ dúdú bo fèrèsé yàrá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbídùn ni, tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rọ náà wà, ẹni bí ogójì ọdún. Ó ti kí Mosúnmọ́lá nígbà tó dé, ó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, ó gbé omi wá, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kò tún bá a sọ ohunkóhun. Ó ń fa aṣọ fèrèsé náà bí ẹni tó fẹ́ já a.

Mosúnmọ́lá gbé ojú ẹ̀rọ kékeré jáde nínú àpò rẹ̀, èyí tí kò fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ, ó sì so wáyà rẹ̀ mọ́ káàdì náà. Igi ìrókò kan yọ lójú ẹ̀rọ. Atẹ́gùn fẹ́ lù ú, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já, ẹgbẹ̀rún ewé, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òjìji tirẹ̀. Ìdánwò yìí ni wọ́n ń pè ní Ewé jákèjádò ilẹ̀. Nọ́ńbà tó bá sì ti inú rẹ̀ jáde, Mosún ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀dọ́ olú-ìlú a máa bi ara wọn pé, "Mosún mélòó ni tìrẹ?" láìmọ̀ pé èèyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé obìnrin kan tó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nígbà náà ló jókòó oṣù mẹ́jọ kó tó ya ìrókò náà tán, òun kan náà ló sì kúnlẹ̀ sórí ẹní yìí. Òun kì í sọ ọ́ fún wọn. Ìgbéraga tó jinlẹ̀ kì í pariwo. Oṣù méje ló kù kó fẹ̀yìn tì, ó sì ti ń ro bí yóò ṣe máa jókòó sílé rẹ̀, tí yóò máa gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ tí ń kọjá lọ.

Ewé já tán.

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta Mosún," ni Ẹlẹ́rìí wí.

Ìbídùn dúró níbi aṣọ fèrèsé. Mosúnmọ́lá ti na ọwọ́ sí wáyà láti tú u nígbà tí Fìjàbí fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Màdáámù, ṣé ẹ gbọ́ fáànù káàdì yẹn nígbà tí ewé yín ń já?"

"Rárá."

"Èmi náà kò gbọ́ ọ. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó fọwọ́ kàn án. Ó tutù.

"Kò ṣiṣẹ́," ni arúgbó náà wí. "Ó dúró ni."

"Ìdúró náà gan-an ni òfin ń dá lẹ́jọ́, Bàbá. Ọpọlọ ẹ̀rọ yín ti gbó, kò lè pàṣẹ kíákíá tó. Káàdì á ti ya èyí tí wọ́n ní kó yà, á wá káwọ́ gbera, á máa retí àṣẹ mìíràn."

"Ẹ gbọ́ mi ná. Bíríkìlà ni bàbá mi. Ó ní ẹnìkan tó ń po sìmẹ́ǹtì fún un, arúgbó ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ká dí ihò kan lára ògiri, bàbá mi á dí i, á wá dúró, á máa súfèé. Èèyàn tó bá ń kọjá lọ á ní ọ̀lẹ ni. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá jẹ́ ká rẹ́ ògiri ilé ńlá, ìgbà tí bàbá mi bá fi máa rẹ́ tọwọ́ rẹ̀ tán, arúgbó yẹn á ti rìn dé pẹ̀lú òmíràn. Èèyàn méjì kan náà ni. Kò sí ẹni tó súfèé."

"Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo la fi ń wọn gbogbo ìlú. Ibẹ̀ ni òdodo rẹ̀ wà."

"Ó dáa. Agolo kan náà ni wọ́n fi ń wọn gàrí, tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì. Ẹ ti rí ẹni tó fi wọn aṣọ rí?"

Ìbídùn rẹ́rìn-ín kúkúrú láti ibi fèrèsé, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Ẹ wọ̀n ọ́n bí a ṣe ń lò ó," ni Fìjàbí wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí kò bá já sí nǹkan, èmi fúnra mi ni mo máa gbé e sínú ọkọ̀ yín."

Ó yẹ kó sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n tútù tí káàdì náà tutù ṣì wà ní ìka rẹ̀, oníwọ̀n sì ni òun, kì í ṣe akọ̀wé lásán. Ó gbà.

Arúgbó náà so wáyà mìíràn mọ́ ẹ̀rọ, Ìbídùn pa fèrèsé tó kù dé, àwòrán sì tàn bo ògiri funfun tó wà níwájú wọn. Ògiri náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjìdínláàádọ́ta; wọ́n ti wó ìgànná àárín yàrá mẹ́ta kó lè gùn bẹ́ẹ̀. Odò Ọ̀yán nà láti òpin kan dé èkejì, gbogbo ìlú Ẹ̀bá-Ọ̀yán sì jókòó sí etí rẹ̀, òrùlé sí òrùlé, ẹnu ọ̀nà sí ẹnu ọ̀nà. Mosúnmọ́lá rí igi ìdúró ilé adìyẹ. Ó rí òkúta tí wọ́n tò sí ẹnu ilé kan kí ẹsẹ̀ má baà kó ẹrẹ̀ wọlé.

"Kí ló dé tó fi ní láti tóbi tó báyìí?"

"Nítorí Ọjọ́ Ògiri," ni Fìjàbí wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà, bí ohùn ẹni tó ń fi ilé bàbá rẹ̀ hàn àlejò. "Bí òjò bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ilé kọ̀ọ̀kan á rán ẹnìkan wá. Ẹni náà á dúró lẹ́bàá ilé rẹ̀ lára ògiri. A ó wá jẹ́ kí omi ọdún yẹn kún bí ẹ̀rọ ṣe rò pé yóò kún. Bí omi bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ, wàá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, wàá pe orúkọ ilé rẹ. Èyí tó wà lókè tí omi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ni yóò gba ẹrù rẹ sílé. Ibẹ̀ náà la ti ń pín ara wa. Ẹni tó bá lóun kò gbọ́, ìlú ló rí i pé ó wà níbẹ̀."

"Wọn á sì máa jà," ni Ìbídùn wí. "Lọ́dún tó kọjá, Bàbá Kéhìndé ní ẹ̀rọ ti gbé ilé òun sún mọ́ odò torí pé òun kò kí olùtọ́jú."

"Kò kí mi lóòótọ́," ni Fìjàbí wí.

Ó tẹ ohun kan. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lára ògiri, ó ń rọra yí ẹsẹ̀ igi ká, ó ń wọ inú oko ẹ̀gẹ́. Nígbà náà ni Mosúnmọ́lá gbọ́ ọ. Fáànù káàdì tuntun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, kíkùn tó dọ́gba, tó gbópọn, bí ẹni tó gbé ẹrù tó tó o rù, tó sì ti mú ọ̀nà pọ̀n. Ooru jáde láti inú àpótí tó ṣí sílẹ̀ náà, ó kan ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.

"Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Àwòrán yìí kò sí nínú ìlànà."

"Mo gbọ́. Tún un kà."

Ó tún un kà lẹ́ẹ̀mejì sí i. Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Mosúnmọ́lá jókòó lé gìgísẹ̀ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè gba òṣùwọ̀n rẹ̀ là, pé kó jẹ́ pé odò náà ló ṣòro láti yà ju ìrókò lọ, kì í ṣe pé ògiri ló tóbi. Ó fa wáyà ojú ẹ̀rọ kékeré náà yọ, ó sì rán Ewé tirẹ̀ sí orí ògiri, ìrókò kan náà, atẹ́gùn kan náà, ẹgbẹ̀rún ewé náà, kò yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀ bí kò ṣe fífẹ̀ rẹ̀.

Ìrókò náà ga dé àjà. Kò tíì rí i kó ga tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ewé ń já kọjá lójú Ìbídùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́.

"Méjìléláàádọ́rùn-ún Mosún," ni Ẹlẹ́rìí wí.

Mosúnmọ́lá ń wo ìrókò náà. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nígbà tí òfin iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo ojú ẹ̀rọ ní olú-ìlú ni wọ́n ti gé kúrú sí ìwọ̀n àwo ìjẹun. Òun jókòó síwájú ọ̀kan nínú wọn ní oṣù mẹ́jọ, ó sì ya igi rẹ̀ ní ìwọ̀n ohun tó wà níwájú rẹ̀. Àwòrán tín-ín-rín, tí káàdì alágbára yóò yà tán kó tó di pé ojú ṣẹ́. Kò wá sí i lọ́kàn láti béèrè bóyá ẹnìkan wà ní ilẹ̀ náà tó ń ya àwòrán sára ògiri. Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n pè é. Ìwọ̀n àwo tirẹ̀ ló fi wọn gbogbo ayé.

"Nọ́ńbà méjì ló wà níwájú mi," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Èwo ni ìdájọ́?"

Mosúnmọ́lá fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde. Ó mọ ìwé òfin náà dé ibi tí wọ́n ti fi òǹtẹ̀ lù ú, ọ̀nà kan sì wà níbẹ̀. Lílò Àkànṣe. Bí oníwọ̀n bá rí i pé ìlú kan ń lo ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọ̀nà tí ìlú mìíràn kì í gbà lò ó, ó lè wọ̀n ọ́n ní ìlànà tirẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó sì máa lọ. Ẹ̀bá-Ọ̀yán yóò dúró sí etí odò rẹ̀. Ewé yóò máa jẹ́ Ewé. Òun yóò lọ sílé láàárín oṣù méje pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

"Bàbá, mo lè kọ ọ́ sábẹ́ Lílò Àkànṣe. Ìlú yín á bọ́."

Fìjàbí pa ojú dé díẹ̀. "Ọlọ́run á san án fún yín," ni ó wí, ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tí agbára rẹ̀ ti tán kí ayọ̀ tó dé.

"Kí ló jẹ́ àkànṣe níbẹ̀, Mà?"

Ìbídùn ni. Kò kúrò níwájú ògiri. Ewé kan dúró sí èjìká rẹ̀.

"Ọjọ́ Ògiri yín," ni Mosúnmọ́lá wí. "Mi ò rí irú rẹ̀ rí."

"Ẹ kò rí i rí nítorí pé ẹ kì í béèrè. Gbogbo ìlú etí odò ló ń ṣe é. Àwa náà máa ń ṣe é nígbà tí a wà ní Ìdó-Ọ̀fíkì, ìlú mi."

"Ìbídùn," ni Fìjàbí wí.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, Bàbá. Màdáámù kò tíì bú ẹnikẹ́ni láàárọ̀ yìí, èmi náà kò ní bú wọn." Ó yíjú sí àlejò náà. "Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn lẹ wá. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé lẹ wọ̀, ẹ sì jẹ ọsàn kan lọ́wọ́ ìyá mi. Káàdì tuntun ni tiwa náà, ẹ̀rọ wa kò sì tíì pé ogún ọdún. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lẹ pè é. Wọ́n fọ́ ọ níta gbangba, wọ́n kó wa lọ sórí òkè. Ìyá mi lo ọdún kan ó lé oṣù méjì níbẹ̀. Bó bá ti jí, á bi mí pé odò dà. Gbogbo àárọ̀. Lẹ́yìn tí a sin ín ni mo wá síhìn-ín, torí mo ní ìbátan kan níhìn-ín." Ó fi kún un, láìgbé ohùn sókè: "Omi kò tíì kan ẹnu ọ̀nà wa ní Ìdó-Ọ̀fíkì láti ìgbà tí a ti lọ. Mo máa ń padà lọ wò ó."

Mosúnmọ́lá rántí ọsàn náà. Ó dùn.

Fìjàbí ń wo ilẹ̀. Mosúnmọ́lá mọ ohun tó ń rò, nítorí òun náà ń rò ó: pé ìlú tó bọ́ lọ́wọ́ ikú kì í béèrè irú oògùn tí wọ́n fún un. Bí òun bá sọ pé Àkànṣe, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè mọ́. Bí òun bá sọ pé òṣùwọ̀n ló ṣìnà, wọn yóò tú gbogbo ìdájọ́ tí òṣùwọ̀n náà ti dá, títí kan èyí tí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ẹ̀bá-Ọ̀yán pàápàá yóò ní láti dúró títí wọn yóò fi ṣe òmíràn.

"Bàbá, bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí, wọn kò ní fọ́ ẹ̀rọ yín. Ṣùgbọ́n wọn kò ní fọwọ́ sí i lọ́dún yìí. Ẹ ó máa gbé lórí ìrètí títí wọn yóò fi parí ẹjọ́."

Arúgbó náà fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ìrètí kọ́ ni a ti ń jẹ láti àárọ̀?" Ó wo Ìbídùn, ó sì wo ògiri. "Èmi kò lè jẹ oúnjẹ tí mo mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ti gbà á. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí."

"Èwo ni ìdájọ́?" ni Ẹlẹ́rìí tún bi í.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni Mosúnmọ́lá wí. "Lójú ẹ̀rọ kékeré, mọ́kànlélọ́gọ́ta. Lára ògiri, ìdánwò kan náà, méjìléláàádọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ náà pé. Òṣùwọ̀n ni kò pé."

"Gbólóhùn yìí yóò dá gbogbo iṣẹ́ òṣùwọ̀n náà dúró lónìí. Ta ni ó ṣe òṣùwọ̀n náà?"

"O mọ̀ ọ́n."

"Ohùn ẹni ni òfin ń béèrè."

"Mosúnmọ́lá Àjíbóyè. Èmi ni mo ṣe é, èmi nìkan. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ìbídùn gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Kò dúpẹ́, Mosúnmọ́lá kò sì retí rẹ̀.

"Ìlú mélòó ni ọ̀rọ̀ náà kàn?"

"Èyí tí mo fọwọ́ ara mi dá lẹ́jọ́ jẹ́ mọ́kànlélógójì."

"Ìwé wọn kò sí nítòsí. A lè dúró di ìgbà tí ẹ bá padà sí olú-ìlú."

"Kò sí ohun tí a ń dúró dè. Mo mọ̀ wọ́n lórí."

Òtítọ́ ni. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun mọ̀ wọ́n, pé nígbà mìíràn tí oorun bá kọ̀ ọ́ wọn a máa tò kọjá lọ́kàn rẹ̀, ìlú àti nọ́ńbà, nọ́ńbà àti ìlú. Ó ti máa ń rò pé iṣẹ́ tí òun ṣe dáadáa ni òun ń kà.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó-Ọ̀fíkì," ni Ìbídùn wí.

Fìjàbí dìde lórí àga kékeré tó jókòó lé láti àárọ̀, ó fi ẹsẹ̀ sún un sí ẹ̀yìn àlejò náà. "Jókòó, ọmọ mi," ni ó wí. "Yóò pẹ́."

Mosúnmọ́lá jókòó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

"Ìdó-Ọ̀fíkì," ni ó wí, "mẹ́rìnlélọ́gọ́ta," ó sì dúró kí Ẹlẹ́rìí kọ ọ́ tán kó tó pe ìkejì.